Ó Ń Fẹ́, Ṣùgbọ́n Níbo Ló Ń Fẹ́ Sí?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àkùkọ ló ń jí àwọn ará agbo ilé wa ní Ìkìrun nígbà tí mo wà ní kékeré, irọ́ ló ń pa. Họ́ọ̀nù ọkọ̀ ló ń jí wa. Rewáyà ni bàámi, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, iwájú ilé wa gan-an sì ni ṣẹ́ẹ̀dì wọn wà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe láràárọ̀, kí wọ́n tó fọ ẹnu pàápàá, ni kí wọ́n dán họ́ọ̀nù ọkọ̀ tó bá sun ọ̀dọ̀ wa wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàámi, á sì dáhùn láti inú yàrá wọn pé, "Mùfú, ọkọ̀ ti jí, jẹ́ kí èèyàn sinmi." Ìgbà yẹn ni ariwo yòókù á wá tẹ̀ lé e: ìgbálẹ̀ màámi lórí ilẹ̀ àgbàlá, omi tí mò ń dà sínú dírọ́ọ̀mù, kẹ́tùlù àlùwàlá Ìyá Àgbà tí ìdérí rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ìyá Àgbà ń kírun, màámi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, bàámi sì ń jẹ sàárà àwọn méjèèjì láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ilé mi dákẹ́ rọ́rọ́ lónìí, bí mo bá sì jí láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọn ò tíì jí mi.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí ni ọdún tí họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Àwọn ọkọ̀ tuntun ti dé tí wáyà inú wọn pọ̀ bí ìfun ẹran, àwọn èèyàn sì ń sọ ọ́ káàkiri pé rewáyà àtijọ́ ni Mùfú, pé kí oníkálukú máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Bàámi gbọ́, mo sì rí i pé wọ́n ti ń gbá ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹni tó bá sì ń gbá ibi tí kò dọ̀tí, nǹkan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Màámi, tó jẹ́ tíṣà ní Ìnísà, kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹni yẹn bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, títí lẹ́tà fi dé láti Ìlọrin: iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ ń wá dírẹ́bà, kí bàámi wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á máa sùn, ìparí oṣù ni wọ́n á máa wálé. Màámi fi lẹ́tà náà sínú Bíbélì wọn. Mo mọ ojú ewé tó wà. Mo máa ń lọ yọjú wò ó bóyá ó ti sọnù fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà yẹn dé náà ni ọkọ̀ pupa dé. Àǹtí Bísọ́lá ló ni ín, ọmọ Ìnísà tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, tó sì ń ṣáájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà lókè òkun ló fi í ránṣẹ́ sí wọn. Ọkọ̀ eré ìje ni, ilẹ̀kùn méjì péré, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ wa lè wo orí rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba àgbàlagbà. Bó bá ń bọ̀, ẹ óò gbọ́ ọ tipẹ́tipẹ́ kí ẹ tó rí i, gbogbo ọmọdé láti Ìkìrun dé Òkukù ló sì ń pè é ní Ata Rodo. Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, ó ti wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ibi tí wọ́n ti ń so wáyà fáànù ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ jó, ìyẹn fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ tó ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Bàámi tún un so, ọkọ̀ sì lọ. Láti ìgbà náà ni Ata Rodo ti ń hó. Mẹkáníìkì kan ní Ìnísà pààrọ̀ rédíétọ̀, ó ń hó. Òmíràn ní Òkukù tú orí ẹ̀ńjìnnì, ó pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, ó ń hó. Ẹnì kẹta fọ gbogbo ihò omi rẹ̀, ó gbàdúrà sí i pẹ̀lú, ó ṣì ń hó. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn, ó hó wá sí ẹnu ọ̀nà wa, èéfín funfun bò ó lójú, àwọn adìẹ sì sá.

Àǹtí Bísọ́lá bọ́ sílẹ̀, wọn ò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn. "Bàbá Àyọ̀ká," ni wọ́n wí, nítorí Àyọ̀ká ni orúkọ mi, "ẹni tó tú u kẹ́yìn ní kì í ṣe iṣẹ́ òun mọ́, ó ní iná ló ń dà á láàmú. Bí ò bá ṣeé ṣe lọ́dọ̀ yín, màá tì í sí gàréèjì, màá fi aṣọ bò ó."

"Fáànù rẹ̀ ńkọ́?" bàámi bi wọ́n.

"Ó ń fẹ́. Gbogbo wọn ló béèrè, gbogbo wọn ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń fẹ́."

Bàámi fúnra wọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró fáànù, wọ́n mi orí. "Bó bá ti ń fẹ́, ó tán lórí ọ̀rọ̀ fáànù," ni wọ́n wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sọ́kàn.

Màámi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé wọn. Nígbà tí Àǹtí Bísọ́lá ti gun ọ̀kadà lọ, wọ́n fi bírò wọn sílẹ̀. "Bàbá Àyọ̀ká, ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ yẹn ṣe àdéhùn. Bó bá lọ Òkukù tó sì bọ̀ láìhó kó tó di Mọ́ńdè, mi ò ní sọ̀rọ̀ Ìlọrin mọ́ láyé. Bó bá hó, ẹ máa di ẹrù yín." Bàámi wo ọkọ̀, wọ́n wo màámi, wọ́n ní àwọn gbà. Ìyá Àgbà tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ẹní wọn ní, "Ọkọ àti ìyàwó ń fi ẹ̀ńjìnnì ta ayò. Ọlọ́hun ṣàánú wa." Ní tèmi, mo wọ abẹ́ igi máńgòrò lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọkọ̀ náà bí èèyàn ṣe ń bẹ àgbà.

Tọ́sìdeè àti Fúráìdeè, bàámi ò kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yọ fíúsì, wọ́n gbé e sókè síhà oòrùn, ó dára. Wọ́n pààrọ̀ rílé, èyí tó ń tan fáànù tó sì ń pa á, ó ń ké tá, tá, bó ṣe yẹ kó ké. Wọ́n fi lámpù kékeré tí wọ́n fi ń dán iná wò tọ gbogbo wáyà láti bátìrì débi tó pin sí, iná ń tàn. Wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná, wọ́n fọwọ́ kan ọ̀pá omi lókè, wọ́n fọwọ́ kan tìsàlẹ̀, omi ń lọ, omi ń bọ̀. Fáànù náà ń dìde fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀, á fẹ́, á sinmi, á tún fẹ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, abẹ́rẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù á máa gòkè lọ síbi pupa. Ohun tó tilẹ̀ ń ya wọ́n lẹ́nu jù ni pé Àǹtí Bísọ́lá ní ó ń hó lórí eré náà. "Ọkọ̀ tó ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà nìkan tó láti tù ú lára," ni bàámi ń sọ fún ara wọn. Màámi gbé èkuru àti ẹ̀kọ lọ bá wọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ọwọ́ dúdú jẹ ẹ́, wọn ò mọ̀ pé àwọn ò tíì fi ata sí i. Mo rí màámi tó dúró tó ń wò wọ́n, ojú wọn kò sì le rárá. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé àwọn náà ò fẹ́ kí bàámi lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n ju bó ṣe ń bà mí lọ.

Ẹ̀wà tí a fi se èkuru yẹn, ọwọ́ wa ló ti jáde. Àkókò ìkórè ẹ̀wà ni, Ìyá Àgbà ti ra ẹ̀wà tó wà nínú èèpo láti Igbáyé, èmi àti àwọn la sì jọ ń lù ú nínú àpò tí a sì ń fẹ́ ẹ. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ náà. Èèyàn á bu ẹ̀wà sínú àtẹ, á gbé e sókè, á máa dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀wà á bọ́ sórí ẹní, atẹ́gùn á sì gbé ìyàngbò lọ. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà fi lélẹ̀ fún mi: "Kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ, kí o tó gbé àtẹ." Ọjọ́ tí mo gbàgbé, ìyàngbò kún ojú àti ẹnu mi, wọn ò sì bá mi fẹ́ ẹ kúrò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí ìyàngbò bá ti wọ̀ lójú kì í tún béèrè ibi tí atẹ́gùn wà.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé. Ibi tí ọkọ̀ kọjú sí gan-an ni Ìyá Àgbà ti máa ń fẹ́ ẹ̀wà, wọn ò sì ní torí Ata Rodo kúrò níbẹ̀. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, wọ́n kọjú sí ẹnu ọkọ̀, ìyàngbò ń fò lọ bá àwọn irin tó wà níwájú rédíétọ̀. Bàámi ti tan ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n gbá àgbọ̀n mú. Lójijì Ìyá Àgbà sọ àtẹ kalẹ̀, wọ́n ń nu ojú.

"Mùfú, ta ló ń da ìyàngbò padà sí mi lójú?"

"Atẹ́gùn ni, Ìyá."

"Atẹ́gùn wo? Ẹ̀yìn mi ni atẹ́gùn wà. Mo ti ń fẹ́ ẹ̀wà kí n tó bí ẹ, mi ò kọjú sí atẹ́gùn rí."

Mo gbé àtẹ náà, nítorí mo fẹ́ fi hàn pé èmi mọ̀ ọ́n fẹ́. Mo dà á. Ìyàngbò lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Fáànù ké tá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ìyàngbò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọkọ̀ sì yí padà, ó bò mí lórí. Mo dúró. Fáànù sinmi. Mo tún dà á, ó tún lọ bó ṣe yẹ. Fáànù dìde, ìyàngbò padà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é.

"Bàámi, ọkọ̀ yìí ló ń fẹ́ ẹ padà."

"Ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ná, fáànù ni."

"Ṣé ìta ló yẹ kó máa fẹ́ sí ni?"

Ọwọ́ bàámi dúró lára àgbọ̀n wọn. Wọ́n dìde, wọ́n mú ìwé ìṣirò mi lórí pèpéle, wọ́n já ewé kan nínú rẹ̀, wọ́n mú un súnmọ́ ẹnu ọkọ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ewé náà fò kúrò níbẹ̀, ó lọ bà sórí ẹ̀wà Ìyá Àgbà. Wọ́n tún mú un, wọ́n tún tú u sílẹ̀, ó tún fò. Bàámi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n lu bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni lu ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ó ń fẹ́! Kò yẹ kó fẹ́! Ó yẹ kó máa fà ni!" Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni pé rewáyà bíi tiwọn ni mí: ẹ̀yìn rédíétọ̀ ni fáànù náà wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa atẹ́gùn tútù láti iwájú kọjá lára omi. Èyí ń gbé ooru ẹ̀ńjìnnì padà bá omi tó yẹ kó máa tutù. Bí ọkọ̀ bá sì ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ń wọlé, fáànù ń lé e jáde, àwọn méjèèjì á pàdé nínú rédíétọ̀, wọ́n á máa jà, kò sẹ́ni tó máa kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi ń hó ní ìdúró, tó ń hó lórí eré.

Mo ti rò ó láti ìgbà yẹn, mo sì gbà pé èdè wa ló tan gbogbo wọn jẹ. Fáànù ń fẹ́, abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́, kò sí Yorùbá tó máa sọ pé fáànù òun ń fà. Ọkùnrin mẹ́rin tó mọṣẹ́ ló béèrè bóyá ó ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ lóòótọ́. Èmi ni mo ni ṣẹ́ẹ̀dì yẹn lónìí. Mo ní ẹ̀rọ tí mò ń so mọ́ ọkọ̀ tó ń ka àìsàn rẹ̀ jáde lójú gíláàsì. Ẹ̀rọ náà á sọ fún mi pé fáànù ń ṣiṣẹ́. Kì í sọ ibi tí atẹ́gùn ń lọ, nítorí náà mo ṣì máa ń já ewé ìwé.

Bàámi pa ọkọ̀, wọ́n dúró kó tutù díẹ̀, wọ́n nawọ́ wọ inú rẹ̀ láti tú wáyà fáànù. Mo yọjú lábẹ́ apá wọn, mo sì rí téèpù tí wọ́n fi wé oríkèé rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni. Téèpù dúdú ni gbogbo rewáyà ń lò, bàámi nìkan ló ń lo aláwọ̀ ewé ní gbogbo agbègbè yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé bí iṣẹ́ àwọn bá dára, kí ayé mọ̀ ọ́n, bó bá bàjẹ́, kí ayé mọ̀ ọ́n. Ayọ̀ mi gbẹ. Bàámi wò mí, mo wò wọ́n. Wáyà méjèèjì ti dúdú nítorí ooru àti ọ́ìlì, bàámi so tọ̀tún sí ipò tòsì lóṣù méjì sẹ́yìn, fáànù sì ń yí sódì, wọ́n dán an wò, ó fẹ́, wọ́n sì dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn gan-an ló bà á jẹ́. Wọ́n yí wáyà náà padà, kò gba àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ kan, wọ́n sì tún fi téèpù àwọ̀ ewé wé e.

Màámi pariwo láti ilé ìdáná. "Ṣé ẹ ti rí i?"

"A ti rí i. Wáyà ni."

Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe gbogbo òtítọ́. Mo pa ẹnu mi mọ́. Mo mọ̀ pé bí Àǹtí Bísọ́lá bá gbọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìnísà pé Mùfú ló ba ọkọ̀ àwọn jẹ́ tí gbogbo ayé fi ń tú u, ọkọ̀ kankan ò ní wá sábẹ́ igi máńgòrò wa mọ́, yálà àdéhùn wà tàbí kò sí, Ìlọrin náà ló máa kù.

Ní ọ̀sán, Àǹtí Bísọ́lá dé. Wọ́n wa ọkọ̀, bàámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi nìkan ni ìjókòó ẹ̀yìn sì gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ bàálù, mo kí yín, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì wọ Ata Rodo. Nígbà tí a já sí títì tí Àǹtí Bísọ́lá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Àwọn òkè olókùúta Ìkìrun sá lọ sẹ́yìn. Mo rí àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́bàá ọ̀nà, mo juwọ́, a ti kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé èmi ni. A gba Ìnísà kọjá, àwọn èèyàn ń kí ọkọ̀ náà bí ẹni kí aláìsàn tó dìde. Bàámi ò wo nǹkan kan àfi abẹ́rẹ́. Ó dúró ní àárín, kò gbọ̀n. A sáré, kò gbọ̀n. Mo ń pariwo, mi ò mọ ohun tí mò ń wí, Àǹtí Bísọ́lá sì ń kọrin.

A dé Òkukù, ibi tí ojú irin ti gé títì kọjá, a bá réluwéè akẹ́rù tó ń bọ̀. Àǹtí Bísọ́lá dúró, orin wọn náà dúró. Oòrùn mú, ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì kékeré ti kún ẹ̀yìn wa, réluwéè náà gùn, kò sì kánjú. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo di ìjókòó bàámi mú lẹ́yìn. Ó gòkè, ó gòkè, ó ku díẹ̀ kó kan pupa, fáànù sì ké tá. Abẹ́rẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́, bí àgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí tó fi padà jókòó sáàárín. Àǹtí Bísọ́lá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí Olúwa gba ògo. Wọ́n wá yíjú sí bàámi. "Kí ló wá ṣe é gan-an?"

Mo fi ìka tẹ bàámi lẹ́yìn, kí wọ́n sọ pé wáyà ni, kó tán. Wọ́n mọ̀ pé ìka mi ni.

"Èmi ni mo ṣe é," ni bàámi wí. "Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé e wá. Mo yí wáyà rẹ̀ sódì. Mo rí i pé ó ń fẹ́, mi ò wo ibi tó ń fẹ́ sí. Ẹ má bínú."

Réluwéè kọjá tán. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn họ́ọ̀nù. Àǹtí Bísọ́lá yí ọkọ̀ padà, wọn ò kọrin mọ́. Omi ti ń bọ́ lójú mi. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìnísà kí wọ́n tó la ẹnu.

"Bàbá Àyọ̀ká, mi ò bá má mọ̀ láéláé. Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́?"

"Téèpù mi ló wà níbẹ̀," ni bàámi wí.

Nígbà tí a dé ilé, màámi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Àgbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú àtẹ. Màámi wo ẹnu ọkọ̀ bóyá èéfín ń jáde, kò sí. Bàámi bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún màámi lójú gbogbo wa, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Òkukù, wọn ò yọ nǹkan kan kúrò. Àǹtí Bísọ́lá gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn. "Mọ̀mí Àyọ̀ká, àwọn mẹ́ta tú ọkọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ Bàbá Àyọ̀ká ni màá máa gbé e wá, màá sì sọ fún gbogbo Ìnísà ìdí rẹ̀."

Màámi ní kí wọ́n má pa ọkọ̀. Wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, lẹ́tà Ìlọrin wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró níwájú Ata Rodo títí fáànù fi ké tá, wọ́n na lẹ́tà náà sí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ó fò mọ́ ọn, ó lẹ̀ pẹ́típẹ́tí, kò sì já bọ́.

"Ó ń fà," ni màámi wí. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lọ bu oúnjẹ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, họ́ọ̀nù ló jí mi.